Ọpẹ́ Tó Ṣáájú Ẹ̀bẹ̀

Di òní olónìí, mi ò tíì mọ ẹni tó yẹ kí n bínú sí lórí ọ̀rọ̀ òrùlé kíláàsì mi. Mo ti bínú sí ìjọba, mo ti bínú sí agbaṣẹ́ṣe, mo ti bínú sí baba àgbà kan tí kò ṣẹ̀ mí rí láyé. Ìbínú náà kò ríbi jókòó sí.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Ìlá, kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́. Ìjì ló ṣí òrùlé yàrá wa lọ. Wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe kan. Ó kó igi wá, ó kàn wọ́n mọ́ orí ògiri dáadáa, ó ní òun ń lọ kó páànù bọ̀. A ò fojú kàn án mọ́. Bí mo ṣe kó àwọn ọmọ mi lọ bá kíláàsì kẹta nínú yàrá kan ṣoṣo nìyẹn. Èmi á kọjú síwájú, olùkọ́ kejì á kọjú sẹ́yìn, bí mo bá ń ṣe ìṣirò, àwọn tirẹ̀ á máa kọrin. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn ara ẹ̀yìn, ó sì gbà á. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yìn ín ni àbí kí n bá a wí.

Ìgbà tí a gbọ́ pé ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá wo bí wọ́n ṣe ná owó tí ìpínlẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún ilé-ìwé, inú mi dùn débi pé mo ra àkàrà fún olùkọ́ kejì. Kí ló tún kù? Wọ́n á wọ yàrá mi, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á rí ojú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa pe ìpàdé òbí, ohun tí àwọn òbí sì gbọ́ kò ju pé àlejò ń bọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí àlejò bá ń bọ̀, a kì í bi í pé kí ló wá ṣe kí a tó gbálẹ̀. Wọ́n ro oko àyíká, wọ́n fọ ògiri. Ìjọ kan nítòsí yá wa ní bẹ́ǹṣì. Baba tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ òbí, àgbẹ̀ kòkó ni, gbé tapólì tó fi ń sá kòkó wá, wọ́n sì ta á sórí igi agbaṣẹ́ṣe yẹn kí oòrùn má baà pa àlejò. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a fi yàrá yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyá kan wò mí tìyanu-tìyanu, ó bi mí pé ṣé ìhòòhò ni mo fẹ́ kí ìlú fi pàdé àlejò. Ohun tó sọ kì í ṣe irọ́, tèmi náà kì í sì í ṣe irọ́.

Ibi tí a fàbọ̀ sí ni pé Baba ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀, òun ni yóò gbé ọ̀rọ̀ òrùlé kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá àyà, ó ní kí n fi ọkàn balẹ̀.

Wọ́n dé. Obìnrin ni olórí wọn, ó lójú àánú, ó sì béèrè tààrà bóyá iṣẹ́ tí wọ́n ṣe síbẹ̀ tẹ́ wa lọ́rùn. Baba ṣí fìlà, ó dìde. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í ki ẹ̀bẹ̀ bọ àlejò létí láìdúpẹ́ ná? Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà. Baba dúpẹ́ wíwá tí wọ́n wá. Ó dúpẹ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà. Ó dúpẹ́ ẹfun ìkọ̀wé, ó dúpẹ́ igi tí wọ́n kàn. Èdè Ìgbómìnà ló fi ń sọ ọ́, ó dùn létí, àwọn àlejò ń mi orí. Ọkàn mi ń sọ pé Baba, páànù, páànù. Ẹnu mi kò ṣí, nítorí ta ni yóò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà níwájú àlejò? Bí ó ṣe fẹ́ kúrò lórí ọpẹ́, akọ̀wé wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ sí olórí létí pé wọ́n ti ń dúró dè wọ́n ní Òkè-Ìlá.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Baba, a ti gbọ́. Ẹ ṣeun gan-an.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò lábẹ́ tapólì, wọ́n lọ. Ẹnu Baba ṣì là sílẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, mò ń ro ọkà lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ọ lórí rédíò pé ìgbìmọ̀ ti yí agbègbè wa ká, àwọn òbí sì dúpẹ́ gidigidi fún iṣẹ́ tí ìjọba ṣe sí ilé-ìwé wọn. Mo wá irọ́ nínú ìròyìn náà kí n lè rí nǹkan bínú sí, mi ò rí. Ṣé a ò dúpẹ́ ni? Ọkà mi jóná.

Ìjọ wá kó bẹ́ǹṣì wọn nítorí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Baba ká tapólì nítorí kòkó rẹ̀. Òjò dé, ó rọ̀ sínú yàrá wa. Ọmọ ọmọ Baba fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó há mọ́ra nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn. Baba wá bá mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

“Tíṣà,” ó ní, “mo rò pé ẹni tí a bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á mọ̀ pé ó ku nǹkan.”

Èmi náà ì bá rò bẹ́ẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ìròyìn tún dé pé ìgbìmọ̀ náà ń padà bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wa fẹnu kò: a ò ní yá bẹ́ǹṣì, a ò ní ta tapólì, ẹ̀bẹ̀ ni yóò ṣáájú ọpẹ́. Èmi gan-an ni mo pariwo jù nípàdé yẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, mo tètè dé kí n lè rí i dájú pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan yàrá mi. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ wà nílẹ̀ káàkiri. Mo wò ó, mo ro bàtà obìnrin olójú àánú yẹn, kí n tó mọ̀, ìgbálẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo gbójú sókè, Baba ló dúró lórí àga lẹ́bàá ògiri, tó di etí kan tapólì mú. Àwa méjèèjì wo ara wa.

“Oòrùn á pa wọ́n, Tíṣà,” ó ní.

Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo bá a di etí kejì mú.