Ilé Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Sun

Iṣẹ́ ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ring Road. Nígbà tí ẹ̀kọ́ wa kan wẹ́tìẹ̀, ìjà òṣèlú tó da ilẹ̀ Yorùbá rú láyé ọjọ́un, mo lọ yá ìwé lọ́wọ́ bàbá mi ní Bódìjà. Gbogbo ìwé tí wọ́n ní, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló ń gbè. Mo béèrè ti ẹgbẹ́ kejì. Wọ́n ní irọ́ ló kúnnú rẹ̀, kí n má fojú mi ṣòfò. Wọ́n tún sọ ohun tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré: pé nílùú wa lápá Òkè Ògùn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì da bẹntiróòlù sílé bàbá àgbà wa, wọ́n ṣáná sí i, láìṣẹ̀ láìrò.

Mo wá ìwé kiri lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀, n kò rí. Ìwé pẹlẹbẹ kan tí mo rí ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní Agbowó, èébú ló fi bẹ̀rẹ̀, èébú ló fi parí. Mo wá gbà pé ó yá kí n wá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan ní Challenge, ọmọ ìlú wa tí àwọn èèyàn rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kejì. Wọ́n bi mí ní orúkọ ìdílé mi. Bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹun ná. Ìgbà tí mo jẹun tán ni wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Ògiri kan ló pààlà ilé yín àti tiwa. Tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ sun. Bàbá bàbá rẹ ló kó àwọn tó sun ún wá. Lẹ́yìn náà làwọn èèyàn wa lọ gbẹ̀san.”

Mo ní bóyá ẹni tó jọ bàbá àgbà mi ni. Wọ́n mi orí.

“Bi bàbá rẹ. Ọmọdé ni nígbà yẹn. Òun ló wọnú èéfín lọ gbé àbúrò mi jáde.”

N kò mọ bí mo ṣe dé Bódìjà lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ń wo ìròyìn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Mo bi wọ́n bóyá òótọ́ ni, wọ́n ní òótọ́ ni.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ni.”

“Bàbá mi ni,” ni wọ́n wí. “Mo fẹ́ kó o ní bàbá àgbà tó o lè fi yangàn.”

Ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ràn nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Bàbá mi ní ìdílé ẹgbẹ́ kejì ló ti wá, pé ọmọ àwọn ò ní wọlé àwọn tó sun ilé àwọn. Mo gbọ́ tiwọn. Ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, wọ́n ń gbé ní Olúyọ̀lé. Gbogbo bí mo ṣe ń sunkún nígbà yẹn, bàbá mi ń wò mí, wọ́n sì mọ ilé tí wọ́n kọ́kọ́ sun.

Mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìtàn méjèèjì, mo sì sọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wọn. Mo ṣì ń lọ sí Bódìjà lọ́jọ́ Àìkú, mò ń se oúnjẹ fún bàbá mi, mò ń béèrè ìlera wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àtijọ́, mo máa ń dìde lọ fọ abọ́.