Ìyá Àyẹ̀wò Tó Ń Fi Íméèlì Dá Ìjà Sílẹ̀

Ọjọ́ tí akáńtáǹtì wá làjà láàárín tọkọtaya tí kò sí láyé rí ni gbogbo ọ́fíìsì mọ irú ẹni tí Ìyá Àyẹ̀wò jẹ́. Àárọ̀ kùtù ni. Bàbá akáńtáǹtì náà kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wọlé, ó sì jókòó kí ẹnikẹ́ni tó fún un lága.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ọmọbìnrin yẹn. Kó má torí fìríìjì kó jáde nílé ọkọ."

"Ọmọbìnrin wo, sà?"

"Èyí tó ń kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀ látàná. Wọ́n ṣèèṣì ń fi í ránṣẹ́ sí èmi náà. Mo ti kà á tán. Ọkọ yẹn ò gbọ́n, mi ò ní purọ́, àmọ́ ẹ ní kó fọwọ́ wọ́nú."

Àyẹ̀wò ni gbogbo lẹ́tà náà, Ìyá Àyẹ̀wò ló ń kọ wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ni ìyàwó náà. Òun ni ọkọ. Òun náà ni ìyá ọkọ tó ń ti ẹ̀yìn kọ̀wé pé òun ti kìlọ̀. Ó ṣèèṣì fi àdírẹ́sì akáńtáǹtì kún ti àwọn ará ilé náà ni. "Mo ti gbọ́, sà," ló wí. "Mà á bá a sọ̀rọ̀." Nígbà tó dọ̀sán, ìyàwó kọ̀wé pé òun ti dárí jì í, akáńtáǹtì sì jẹun tẹ́rùntẹ́rùn.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún kò ju kó máa yẹ sọ́fíwià íméèlì ilé iṣẹ́ náà wò, kó rí i bóyá ó ń kó àwọn lẹ́tà tó jẹ́ ti ìjíròrò kan náà jọ sójú kan. Níbòmíràn, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí a máa kọ "ọ̀kan", "èjì", "ẹ̀ta" ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n á ní ó ti dáa. Ìyá Àyẹ̀wò ní òun ò tíì rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn rí, àfi ẹni tó ń dán makirofóònù wò.

Ẹnjiníà tó kọ sọ́fíwià náà ló jìyà rẹ̀ jù. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó gbọ́n, kò sì sẹ́ ẹ rí. Ọ̀nà tirẹ̀ rọrùn: lẹ́tà tí àkọlé wọn bá jọra, ìjíròrò kan náà ni wọ́n. Ìyá Àyẹ̀wò kò bá a jiyàn. Ó fi àpótí lẹ́tà ara rẹ̀ dán an wò fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ló pè é.

"Ẹnjiníà, wá kí àwọn èèyàn rẹ."

"Àwọn wo, mà?"

Gbogbo ẹni tó bá ti kọ "Ẹ kú àárọ̀" sí àkọlé ni sọ́fíwià ti kó sínú yàrá kan: báńkì, oníṣòwò aṣọ, ọkùnrin kan tó ń wá iṣẹ́, dókítà eyín, àti àbúrò Ìyá Àyẹ̀wò obìnrin. Dókítà kọ̀wé pé eyín méjì ló máa yọ. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an, àbúrò ní, "Inú mi dùn púpọ̀, ẹ kú oríire."

"Kì í sábà ṣẹlẹ̀, mà."

"Ta ni kì í kíni kó tó sọ̀rọ̀? Ìwọ nìkan ni mo mọ̀."

Ohun tó fẹ́ ni pé kí sọ́fíwià gbójú kúrò lára àkọlé. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní àmì kan tó fara sin, tó ń sọ lẹ́tà tí òun ń dá lóhùn. Òun ni kó máa wò. Èyí túmọ̀ sí pé kí Ẹnjiníà tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá ń ná an bí ẹni ń nájà. Ẹnjiníà ní kí wọ́n gba òun láyè àṣìṣe márùn-ún. Ìyá Àyẹ̀wò ní òdo. Ẹnjiníà ní ẹ̀ta. Ìyá Àyẹ̀wò ní òdo.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ sí i."

"Mo ti fi sí i. Nígbà tó o wọlé, mo fẹ́ lé ẹ jáde ni."

Ó tún un ṣe, ó ń kùn sínú. Nígbà tó parí, ó dúró kó gba ìyìn. Ìyá Àyẹ̀wò yẹ̀ ẹ́ wò láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ó ní, "Kò burú." Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bọ Ẹnjiníà lọ́wọ́, torí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ irú ìyìn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Àìsàn kékeré kan ló mú Ìyá Àyẹ̀wò lọ. Ó ti ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì pé kí wọ́n má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà òun, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Nínú gbogbo ohun tó sọ pé òun máa ṣe, èyí nìkan ni kò ṣe.

Wọn ò tíì gbé àga rẹ̀ kúrò nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n yọ òfin rẹ̀ nípa àmì tó fara sin náà. Ó ní ó ń fa sọ́fíwià sẹ́yìn, àkọlé ti tó, kí Ẹnjiníà dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ló yẹ kó jẹ́. Ẹnjiníà gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, "Rárá, sà."

"Kí lo wí?"

"Àkọlé kọ́ ni ọ̀rọ̀, sà. Ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn ni."

"Ìwọ tó ò ń bá a jà títí dàná?"

"Èmi náà ni, sà."

Ọ̀gá ní ó dáa. Kó mú àyẹ̀wò kan wá lọ́jọ́ Ajé, èyí tí òun tí òun kì í ṣe ẹnjiníà máa kà tó máa yé òun. Bí kò bá yé òun, kó yọ òfin náà, tàbí kó wá ibi tí wọ́n ti ń gba alágídí síṣẹ́ lọ.

Ní ọ̀sán Sátidé, Ẹnjiníà jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé, ó ń gbìyànjú láti dá ìjà sílẹ̀. Ọkọ inú àyẹ̀wò rẹ̀ kọ̀wé pé, "Jọ̀wọ́, fèsì sí lẹ́tà mi." Ìyàwó ní, "Mo ti rí i gbà, o ṣeun." Ẹni bá kà á á rò pé báńkì méjì ló fẹ́ra wọn.

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó ń lọ aṣọ. "Bó o bá ń bá mi jà, kí lo máa kọ sí mi?"

"Mi ò ní kọ nǹkan kan."

"Rárá?"

"Ẹ máa wá mi títí."

"Tó o bá wá kọ̀wé nígbẹ̀yìn ńkọ́?"

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Mà á ṣí lẹ́tà yín tó bí mi nínú, mà á dá a lóhùn. Mà á pa àkọlé yín rẹ́, mà á kọ 'Ẹ ra ọṣẹ bọ̀' síbẹ̀. Àmọ́ ìjà yẹn náà ni."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

"Dádì, ìjà kan náà la ti ń jà látìgbà tá a ti fẹ́ra. Àkọlé rẹ̀ la kàn ń pààrọ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá wo àyẹ̀wò náà lọ́nà méjèèjì. Níbi tí wọ́n ti tẹ̀ lé àkọlé, lẹ́tà ọṣẹ dá dúró gedegbe. Ọkọ rò pé àlàáfíà ti dé, ó ń súfèé bọ̀ wálé. Níbi tí wọ́n ti tẹ̀ lé òfin Ìyá Àyẹ̀wò, ọṣẹ wà lábẹ́ ìjà, níbi tó yẹ kó wà. Ọ̀gá, tóun náà ti gbéyàwó tipẹ́, kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà," ló wí nígbẹ̀yìn, ó sì mú fóònù rẹ̀ jáde síta láti pe ilé.

Nírọ̀lẹ́, Ẹnjiníà ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Kí ni ìyá yẹn ì bá ti wí sí i?"

Kò ní láti ronú. Ó nàró, ó sún gíláàsì tí kò wọ̀ sókè imú bí Ìyá Àyẹ̀wò ti máa ń ṣe, ó mú ohùn obìnrin náà jáde bó ṣe rí gẹ́lẹ́: "Ọṣẹ wo? Ti ìfọṣọ ni àbí ti ìwẹ̀? Tí ọkọ bá ra èyí tí wọn ò rán an, ṣé ìjà yẹn náà ló ń bá a lọ, àbí ká ṣí tuntun?"

"Ẹ tún un ṣe," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó dá a dúró ní ìdajì ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ sún láti fún un láàyè lórí àga, ó ní kó jókòó, kó máa sọ nípa rẹ̀ lọ.