Àdín Gbígbóná Ṣáájú Ìjàkadì

Òórùn àdín lára ọmọ tuntun kan ló gbé mi padà sí ọ̀sán kan ní Iléṣà, bí ìrántí kò bá tàn mí. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó wọ agbo ìjàkadì, Bàbá ń fi àdín gbígbóná gbá a nítan, páá, páá. Mo ké: “Bàbá, ẹ má pa á!”

Alátakò rẹ̀ láti Òṣú rẹ́rìn-ín: “Àbí ọmọ tuntun lẹ ń wẹ̀?” Ó bẹ́ wọ agbo láìna ara. Bí ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e ṣánlẹ̀, iṣan itan ará Òṣú náà já, fàà!

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ṣe ni Bàbá ń mú iṣan ẹ̀gbọ́n mi gbóná.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá gbé àwo àdín lọ bá ọkùnrin náà. Mo dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀: “Ẹ má lù ú, Bàbá, ó ti ń sunkún.”