Ìtẹ̀ Inú Gáréèjì

Ẹnu ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ìyókù ṣojú mi. Wọ́n ní àwọn ń ro ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé tí a háyà ní Agbowó, ni ilẹ̀ yàrá bá rọra gbé orí sókè lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn. Ìkòkò yọ̀ kúrò lórí sítóòfù, ẹ̀fọ́ dà sílẹ̀. Wọ́n sá sọ̀kalẹ̀ tàwọn ti ṣíbí lọ́wọ́, wọ́n sì bá bàbá onílé wa nínú gáréèjì ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń fi jáàkì ti àjà kọnkéré.

“Bàbá, ṣé ilé yìí lẹ fẹ́ gbé kúrò níbí ni?”

Bàbá ò wẹ̀yìn. “Ọbẹ̀ kí ló dà?”

“Ẹ̀fọ́ ni, sà.”

“Ẹ̀fọ́ ò ṣòroó tún rò. Kúrò níbi iná, jẹ́ n ríran.”

Kì í ṣe gáréèjì àwọn onímọ́tò Challenge ni mò ń wí o. Ilé ọkọ̀ tí bàbá kọ́ sábẹ́ yàrá wa ni, ọkọ̀ kankan ò sì sùn níbẹ̀ rí. Òórùn gíríìsì àti kẹrosíìnì ló ń gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn, ìyá onílé, ń lọ ata àti ẹ̀wà lọ́jà Bódìjà, ẹ̀rọ wọn sì ní kẹ̀kẹ́ irin gbàǹgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó fẹ̀ ju ọpọ́n ìfọṣọ lọ. Ọ̀pá irin tó gba ìdodo kẹ̀kẹ́ náà kọjá ti sán, ìpẹtà sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Bí kò bá jáde kí tuntun wọlé, ẹ̀rọ ò ní yí. Ààwẹ̀ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀wà àkàrà ìṣínu, ọkà ògì sààrì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá fún lílọ̀. Oníbàárà tó bá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí títí ọdún ìtúnu ààwẹ̀.

Àwọn mẹkáníìkì ti wò ó. Kẹ̀kẹ́ náà fẹ̀ ju ẹnu irin ìtẹ̀ wọn lọ, ni wọ́n bá ní kí àwọn fi òòlù gbá ọ̀pá jáde. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní irú irin bẹ́ẹ̀, bí àwo tánganran ló ń fọ́, bó bá sì fọ́, iṣẹ́ ìyàwó àwọn fọ́ nìyẹn. Bó ṣe di pé wọ́n gbé jáàkì lé orí ọ̀pá, tí wọ́n fẹ́ẹ́ fi ilé wa tẹ irin nìyẹn.

Nígbà tí ògiri lanu, wọ́n fi àjà sílẹ̀, wọ́n kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Irin ojú ọ̀nà rélùwéè mẹ́ta wà níbẹ̀ tí àwọn ayálégbé ń jókòó lé fọṣọ. Bàbá lé gbogbo wọn dìde pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Wọ́n tẹ́ méjì sílẹ̀, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ lé e, wọ́n fi ìkẹta dábùú lókè, wọ́n wá fi ṣéènì tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù so òkè mọ́ ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Jáàkì dúró láàárín, ó tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó ti irin òkè. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ti mọ̀ ọ́n: bí wọ́n ṣe ń fún omi lára ẹ̀gẹ́ gan-an ni.

Ohun tó wá bí wa nínú ni pé bàbá tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ gàrí lóòótọ́. Wọ́n á yí ọwọ́ jáàkì títí ṣéènì á fi dún kẹ̀ẹ̀, wọ́n á da kẹrosíìnì sí i, wọ́n á nu ọwọ́, wọ́n á lọ jókòó.

“Ó tó. Ẹ jẹ́ kó ro.”

“Kí ló fẹ́ ro?” Ìyá onílé ti di gèlè mọ́ ìbàdí. “Ṣé omi wà nínú irin ni?”

“Irin ń gbọ́ràn, bí a ò bá pariwo mọ́ ọn.”

“Èmi ni mò ń pariwo?”

“Mi ò dárúkọ ẹnì kankan.”

Bàbá á kírun alásárì, wọ́n á padà wá yí i díẹ̀, wọ́n á tún jókòó. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ilé fẹ́ bá wọn yí i tipátipá, bàbá yọ ọwọ́ jáàkì, wọ́n lọ fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Oṣù lé. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ ni ìyá onílé jókòó sí dípò ìsọ̀.

“Bàbá, oníbàárà mi ń lọ o.”

“Bí mo bá fipá mú un tó fọ́, kí lo máa fi lọ̀ fún wọn?”

Ìyá pòṣé, wọ́n yíjú sí ògiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, a gbọ́ gbàǹgà nínú gáréèjì. Ọ̀pá ti bọ́. Bàbá ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Wọ́n fọ ẹsẹ̀ méjèèjì tán kí wọ́n tó wá wò ó. Kẹ̀kẹ́ ò fọ́ níbì kankan.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ fi máa dún ní Bódìjà, àwọn oníbàárà ti ń ru ẹ̀wà kọjá, wọ́n ń kí ìyá láti òkèèrè. Lẹ́yìn ọdún ni wọ́n ń padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í sì í ṣe gbogbo wọn. Kẹ̀kẹ́ yẹn ń yí títí a fi kó kúrò nílé náà. Bí ìjà bá dé láàárín tọkọtaya, ìyá á ní, “Oníbàárà mi dà?” bàbá á ní, “Kẹ̀kẹ́ rẹ ńkọ́?”

Àwọn méjèèjì ti sùn báyìí, èmi náà ti ń hewú. Bí nǹkan bá há mọ́ mi lọ́wọ́, ìbáà ṣe kọ́kọ́rọ́, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ tó ya olóríkunkun, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí n kúrò níbẹ̀. Ó ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìfọ́. Ó sì ti mú kí ohun rere kọjá lójú mi níbi tí mo jókòó sí. Ìyàwó mi lè kà wọ́n fún ọ. Mi ò tíì mọ bí a ṣe ń mọ èyí tó yẹ ká dúró fún. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, ká ní kẹ̀kẹ́ tìrẹ ni, tí oṣù sì ti lé, ṣé wàá dúró?