Ìkíni Tí Mi Ò Dáhùn

Onínúfùfù ni mí. Ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ní Ẹgbẹ́dá, wọ́n mọ̀ mí mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi á kọ́kọ́ yọjú wo ojú mi láti ẹnu ọ̀nà, kó tó mọ̀ bóyá kí òun wọlé tàbí kí òun padà wá lọ́la. Ẹ̀rín ni ìyẹn máa ń pa mí. Èyí tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ ìyá tó bí mi.

Ọdún kejì rèé tí mo ti mú Màmá wá sọ́dọ̀ mi láti Ìrókò. Ìgbàgbé ti mú wọn, a sì rí i pé wọn kò lè dá gbé mọ́. Wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Ọmọ mi, ọjọ́ wo la ń lọ sí Ìrókò?" Bí mo bá dáhùn, wọ́n á ní ó dáa, kí n tó ro ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún béèrè. Mo lè fara dà á títí dé ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹfà, màá pariwo: "Màmá! Ṣé mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín ni?" Wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu. Ojú á tì mí, àmọ́ bó bá dọ̀la màá tún ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìyá mi lè kú nígbà tí wọ́n ṣì ń bẹ̀rù mi.

Orí fóònù, níbi tí mo ti ń wá ohun tó lè mú inú mi rọ̀, ni mo ti rí ohun tí wọ́n ń pè ní Zen. Bàbá arúgbó kan, ará Japan, tí orí rẹ̀ ń dán, ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń jókòó. Ó ní kí n kọjú sí ògiri, kí n máa ka èémí mi láti orí ení dé orí ẹ̀wá. Bí ọkàn bá ṣáko lọ, kí n má bá a jà, kí n padà sí orí ení. Ó ní bí mo bá ń fọ abọ́, abọ́ náà ni kí n máa fọ̀. Mo ní ṣé èyí náà ló tún ń fẹ́ kíkọ́? Ìgbà tí mo dán an wò ni mo rí i pé ó ti pẹ́ tí mo ti fọ abọ́ gbẹ̀yìn. Ọ̀gá mi ni mo máa ń bá jà lọ́kàn nídìí abọ́.

Ni mo bá tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láràárọ̀, nítorí ooru inú yàrá. Orí ẹ̀ta ni mo máa ń dé. Bí mo bá fẹ́ mú ẹ̀rin, ẹni tó dí mi lọ́nà lánàá á ti wọlé sí mi lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa níbí, ta ló lè jókòó kí wọ́n má kí i? Bàbá onílé wa, àlùfáà àgbà ni wọ́n, ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Ará Japan ti ní kí n má mira, mo bá pa ẹnu mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ìyàwó wọn wọlé tọ̀ mí wá: "Àlùfáà ní kí n bi yín, kí làwọ́n ṣẹ̀ yín?"

Mo sáré lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, mo sì ṣàlàyé.

"Ṣé àdúrà ni?" wọ́n bi mí.

"Rárá sà. Ìjókòó lásán ni."

"Ìjókòó kì í dí èèyàn lẹ́nu," wọ́n wí, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n ti gbọ́n níbẹ̀. Ẹní ni mo kàn gbé kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ pálọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan mo jágbe mọ́ Màmá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, débi pé wọn kò jẹ oúnjẹ alẹ́. Bí ilẹ̀ ti mọ́ mo jókòó, mo kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ náà mo ti ka ẹ̀fà, n kò dé ibẹ̀ rí, nígbà tí Màmá jáde láti yàrá.

"Ọmọ mi, o kú ìjókòó."

Mi ò dáhùn. Mo mú èje.

"Ọmọ mi, o kú ìjókòó o."

Mo mú ẹ̀jọ. Gbogbo ilé wá dákẹ́, inú mi sì dùn pé wọ́n ti lọ. Nígbà tí mo yíjú padà, Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Jọ̀ọ́, má yàn mí lódì. Mi ò ní bi ọ́ mọ́."

Ẹni tó ń bínú ni kì í jẹ́ ìkíni. Ìyá kì í sì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo gbá wọn mú, mo ń pariwo pé kí wọ́n dìde, àmọ́ orúnkún wọn kò gbé wọn mọ́. Èmi ni mo gbé wọn dìde.

Odindi ọjọ́ méjì ni Màmá kò fi béèrè ohunkóhun. Wọ́n á la ẹnu, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á tún pa á dé. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo ń wá kún inú ilé, kò sì ṣeé gbé nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Màmá jókòó tì mí, wọ́n ń bá mi yọ òkúta.

"Ọmọ mi, ọjọ́ wo la ń lọ sí Ìrókò?"

Mo gbé àtẹ sílẹ̀, mo wo ojú wọn. "Ọjọ́ Sátidé ni, Màmá."

"Ó dáa."

Wọ́n tún béèrè, mo tún dáhùn. Lẹ́ẹ̀kẹfà igbe fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo mú hóró ẹ̀wà kan, mo wò ó dáadáa, mo dáhùn.

Mo ṣì ń jókòó láràárọ̀. Ẹni tó bá kí mi, màá jẹ́ ẹ, màá sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. A lọ sí Ìrókò ní Sátidé náà lóòótọ́. Nígbà tí a dé, wọ́n tún béèrè ọjọ́ tí a ó lọ. Màmá ti gbàgbé pé àwọn kúnlẹ̀ fún mi. Èmi nìkan ni mo rántí.