Orin Tí Mo Kọjú Rẹ̀ Sí Òkun

Ẹ lè pè mí ní òpùrọ́ bí ẹ bá kà á tán, kò ní dùn mí. Ọ̀sán gangan ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. N kò mu ọtí, n kò sì sùn.

Ayé ológun ni, nígbà tí à ń tò lórí ìlà ká tó ra ọṣẹ. Mo ti jáde yunifásítì, mo ti sin ìlú tán, ṣùgbọ́n ìjọba kò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ mọ́. Ojú ń tì mí láti máa jẹ oúnjẹ bàbá mi. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé bóyá bí ayé mi yóò ṣe rí títí nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà nígbà tí Bàbá Mautin, tó ní ilé ìgbafẹ́ kan ní Gberefu, erékùsù tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ránṣẹ́ pè mí. Iyọ̀ òkun ti jẹ gbogbo wáyà tó lọ sídìí sitẹrio rẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn. Ó fẹ́ kí orin máa ti ọ́fíìsì lọ síbẹ̀ láìsí wáyà. Mo sì ní ẹ̀rọ kékeré kan tí mo fi òjé jó pọ̀ fúnra mi. Á gba orin lára kásẹ́ẹ̀tì, á fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́, rédíò inú sitẹrio á sì gbà á.

"Bó bá ṣiṣẹ́ kí àwọn àlejò mi tó dé lónìí, o ti di òṣìṣẹ́ mi," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ o! Àwọn sójà á ní a dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lọ pàdé wọn ní Àgbádárìgì.

Mo gbé àpótí ohùn sitẹrio náà méjèèjì kọjú sí òkun, nítorí ibẹ̀ ni a to àga sí. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo tan kásẹ́ẹ̀tì. Ariwo ìgbì kò jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ó ń dún.

Ìgbà náà ni mo rí ọkùnrin kan nídìí sitẹrio. Mo rò pé apẹja ni. Mo juwọ́ sí i láti ojú fèrèsé: ṣé ó ń dún? Ó mi orí pé rárá. Mo yí ẹ̀rọ mi díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, bí ẹni pé kí n fi kún un. Mo fi kún un, orin sì bú jáde! Ayọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún.

Ó tún gbé ọwọ́ sókè. Mo tún fi kún un.

Ẹ gbà mí gbọ́, oòrùn ọjọ́ yẹn lè yan ẹja, síbẹ̀ omi kò yéé kán lára aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, orí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú ìgbì. Wọn kò lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ń rìn bọ̀.

Ẹsẹ̀ mi ní kí n sá. Ṣùgbọ́n níbo ni mo fẹ́ sá lọ, ilé bàbá mi? Mo di tábìlì mú.

Bàbá Mautin wọlé láti ìhà ọ̀sà, àwọn àlejò ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó wo ojú fèrèsé, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ pátápátá.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? Ta ló ní kí o kọjú ẹ̀ sí òkun?"

"Bàbá, ibẹ̀ ni àga…"

"Tí ọkọ̀ apẹja bá pẹ́ lójú omi nìkan là ń lu agolo kọjú sí òkun níhìn-ín, kí wọ́n lè mọ̀nà ilé. O ti pe àwọn tí òkun gbé lọ."

"Ṣé kí n pa orin náà?"

"Kí wọ́n wá dúró síbi tí wọ́n dé? Lọ yí i padà, kó kẹ̀yìn sí wọn."

Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, èmi náà ni mo gbọ́dọ̀ yí i. Mo jáde. Ojú mi kò kúrò nílẹ̀. Bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin náà, òtútù mú mi dé eegun. Mo yí àpótí kìíní. Bí mo ṣe fọwọ́ kan èkejì, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí:

"Ṣé ilé nìyí?"

Mo yí i.

Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn orí ti ń rì padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà kò sí nídìí sitẹrio mọ́. Ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ tútù wà lórí iyanrìn, kò sì kọjú sí òkun. Inú ilé ló lọ, níbi tí àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ti ń jó.

Mo gba iṣẹ́ náà. Títí tí mo fi kúrò níbẹ̀, èmi àti Bàbá kò bi ara wa ibi tí ọkùnrin náà wọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé orin lọ sétí omi, ẹ kọ́kọ́ bi onílé ibi tí wọ́n ń kọjú rẹ̀ sí. Bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá sì ní kí ẹ fi kún un, ẹ má fi kún un.