Ọjọ́bọ̀, Aago Mẹ́jọ Àárọ̀, Ọ̀nà Ẹ̀yìn

Ràmátù, ọmọ àbúrò mi ọkùnrin, ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo dárúkọ rẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dárúkọ tèmi. Bí mo bá rántí rẹ̀, kì í ṣe ojú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, òórùn ni: òórùn ike tó gbóná, ti kápẹ́ẹ̀tì tí òjò ti wọ̀ tí kò sì gbẹ, àti ti kọfí oníwàrà tí ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ọjà Bouaké máa ń mu látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Síbà ni àwọn ará ìlú ń pe irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí mo bá ti kírun àárọ̀ tí mo sì ti jẹun, ibẹ̀ ni mò ń lọ, pẹ̀lú awò ojú mi àti ìwé tí mo kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tí a jọ wà nílùú nígbà náà mọ bó ṣe rí. Ọdún kẹrin nìyẹn tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti gba Bouaké. Bánkì ti kógbá sílé, yunifásítì ti kó lọ sí Abidjan níbi tí ìjọba wà, ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà ló ń sáré kiri ìgboro, a sì ti kọ́ bí a ṣe ń wo ilẹ̀ tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń kọjá. Èmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Àbúrò mi, ọmọ ìkẹyìn ìyá wa, ló mọ ẹ̀rọ omi tún ṣe. Ẹgbẹ́ aláàánú kan láti òkè òkun wá gbé iṣẹ́ fún un pé kó tún ẹ̀rọ omi mẹ́rìnlá ṣe ní àwọn abúlé tó wà láti Bouaké títí kọjá Djébonoua, níbi tí àwọn obìnrin Baoulé ti ń pọn omi àbàtà látìgbà tí ogun ti dé. Àwa mẹ́ta la dá iléeṣẹ́ kékeré náà sílẹ̀. Àbúrò mi ń tún ẹ̀rọ ṣe. Èmi ń kọ ohun tí a ti ṣe àtohun tó kù. Ràmátù, tó kàwé kọ̀ǹpútà, wà ní Abidjan, ó ń ra páìpù àti ṣéènì ránṣẹ́ sí wa. Ilé mi ni ọmọ náà ti dàgbà, láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà títí ó fi yege ìdánwò bac tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tó kọ́kọ́ kọ orúkọ ara rẹ̀.

Ó ṣe ojú ewé kan fún wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo iṣẹ́ tò sórí rẹ̀ ní ìlà-ìlà: iṣẹ́ wo ni, ta ló ni ín, ọjọ́ wo, ọ̀nà wo, ibo ló dé dúró. Tí iṣẹ́ kan bá parí, mo máa ń tẹ àpótí kékeré kan, ìlà náà á sì di àwọ̀ ewé. Ohun tí mo bá kọ ní Bouaké láàárọ̀, Ràmátù á ti rí i ní Abidjan kó tó jẹun ọ̀sán, á sì mọ irin tó yẹ kó rà. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí kan, orúkọ rẹ̀ á sì yọ lókè. Mo fẹ́ràn láti máa rí orúkọ mi lókè níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ka oṣù tó kù kí wọ́n kú, èmi ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹni tó wà ní ìlú mìíràn bí ẹni pé orí tábìlì kan náà la jọ jókòó sí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. Bàbá wa, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ ní Bouaké, kò sọ ọjọ́ ìrìnàjò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, àní fún àwọn ìyàwó rẹ̀. A máa ń jí ni, a ó rí ẹní rẹ̀ ní kíká, a ó sì mọ̀ pé ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Bí gbogbo àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anago níbẹ̀, ṣe ń ṣe nìyẹn. O lè sọ pé o ti dé. O kì í sọ pé ò ń lọ. Ojú ewé Ràmátù sì ń béèrè ọjọ́ tí a ò tíì rí àti ọ̀nà tí a ò tíì gbà. Mo pè é lórí fóònù.

"Ràmátù, iṣẹ́ tó bá ti parí, ká kọ ọ́. Ìrìnàjò tí a ò tíì lọ, ká máa fi ẹnu sọ ọ́ fún ara wa."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ah, Tàǹtí! Ẹ̀yin Anago àtijọ́! Ṣé àjẹ́ ló máa wọ inú kọ̀ǹpútà ni? Ohun tí ẹ ò bá kọ, àwọn òyìnbó ò ní gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo nǹkan fi ń lọ bó ṣe yẹ, tí ìlà ń di àwọ̀ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni sójà ọlọ̀tẹ̀ kan ní ẹ̀bá ọ̀nà dá àbúrò mi dúró, tó bá a sọ èdè Dioula bí ẹni tó ń kí i. "Bàbá olómi, ẹ kúuṣẹ́. Ẹ ti parí ìkẹfà, ó ku mẹ́jọ." Ẹ̀rín ni àbúrò mi fi sọ ọ́ fún mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, òkìkí wa ti kàn! Ẹ lọ rán aṣọ tuntun." Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo tẹ àpótí ìkẹfà. Yàtọ̀ sí àwa mẹ́ta àti àwọn aláàánú yẹn, kò sẹ́ni tó yẹ kó ka ìkẹfà mọ́ wa lọ́wọ́.

Nígbà tí mo padà lọ sí síbà, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí rí. Bàtà rọ́bà ló wọ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́rán, ó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà kẹfà, èyí tí kì í ṣiṣẹ́. Ojú ẹ̀rọ náà dúdú, ó sì ń wò ó. Mo kí i, kò yíjú sí mi. Mo wo ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ojú rẹ̀ sínú ife kọfí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà tún wà lórí àga kan náà. Mo jáde síta, mo pe Ràmátù.

"Ta ló tún ń rí ojú ewé wa?"

"Àwa mẹ́ta náà ni, Tàǹtí, àti àwọn aláàánú. Ṣebí ọ̀rọ̀ àṣírí wà níbẹ̀?"

Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n ti fi ìyẹn mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni, èmi ni mo kọ́ ọ ní òtítọ́ sísọ, mo sì gbà á gbọ́. Mo padà wọlé, mo jókòó, mo sì kọ ìrìnàjò ọ̀la sí àyè rẹ̀. Ní ìdènà tó wà lójú títì, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti gba páìpù mẹ́rin lọ́wọ́ àbúrò mi rí, ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ gba inú oko kọjá. Mo kọ ìyẹn náà. Ọwọ́ mi ni, mi ò sẹ́ ẹ rí.

Ọjọ́bọ̀ lọ, àbúrò mi ò dé, fóònù rẹ̀ ò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ mo wọ takisí lọ sí Djébonoua. Kí n tó dé ìdènà ni mo ti rí ọkọ̀ rẹ̀ aláwọ̀ búlúù lábẹ́ igi máńgòrò, ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀, irinṣẹ́ rẹ̀ tò sórí ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọjà tí wọ́n pa tẹ́. Olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju ẹni tí mo lè ti kọ́ ní kíláàsì kẹta nígbà kan lọ. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi.

"La vieille," ló pè mí, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ pe àgbà obìnrin lọ́dọ̀ wa. "Wọ́n ní olùkọ́ ni yín. Ẹ ka èyí fún mi."

Ìwé kan ló nà sí mi, tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Ojú ewé wa ni, tí ẹnìkan ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Mo kà á. "Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọkọ̀ búlúù. Ọ̀nà ẹ̀yìn, gba oko iṣu, kò sí ìdènà níbẹ̀. Kí a jábọ̀ fún Abidjan."

"Ẹ tún un kà."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ohùn mi ti dà bí ti ọmọ tí kò mọ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ó wá bi mí pé kí ni ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ń sá fún lójú títì, àti pé ta ló ń gba àbọ̀ ní Abidjan.

"Ọmọ rẹ̀ ni," ni mo wí.

Àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo amí ló ní ọmọ ní Abidjan," ni ọ̀kan nínú wọn sọ.

Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo tó ìyá wọn. Mo bẹ̀ wọ́n títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, tí ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, ni ojú mi ti lọ sókè rẹ̀. Níbi tí orúkọ ẹni tó wọlé máa ń wà, kì í ṣe orúkọ mi ni mo rí, kì í ṣe ti àbúrò mi. Ohun tó wà níbẹ̀ lédè Faransé ni "visiteur", àlejò. Ẹni tó tẹ ìwé náà jáde ò lo ọ̀rọ̀ àṣírí kankan. Ẹnìkan ti ṣí ojú ewé náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹnìkan ṣoṣo nínú wa ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Nígbà tí mo fẹ́ dá ìwé náà padà, olórí wọn mi orí. "Ẹ mú un lọ, la vieille. A ní òmíràn."

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó fi àbúrò mi sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò lè di sípánà mú mọ́. Kí n tó rí i, Ràmátù ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé èmi ni mo kúrò nídìí kọ̀ǹpútà ní síbà láì ti ojú ewé náà, pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi ló bá a bẹ́ẹ̀ tó sì kà á. Àbúrò mi wá sílé mi, kò jókòó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń nà wá nítorí ilẹ̀kùn tí a ò tì!" Ó sì jáde.

Àwọn ẹbí pe ìpàdé ní àdúgbò Kennedy, nílé ẹ̀gbọ́n wa àgbà. Mo mú ìwé náà dání, mo fi ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń wo ìwé oògùn. Ẹ̀gbọ́n wa ní, "Ta ló rán arúgbó lọ sídìí kọ̀ǹpútà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, àbúrò mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo bẹ ọkùnrin tó ni síbà pé kó wá jẹ́rìí pé mo máa ń ti ojú ewé náà kí n tó dìde, nítorí ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń tì í lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyá, mo ní ọmọ," ni ìdáhùn tó fún mi. Mo ní kí ẹbí ṣí ojú ewé náà wò fúnra wọn. Ràmátù ti tì í padà, ojú ewé náà sì béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí lọ́wọ́ wọn.

Àbúrò mi kó lọ sí Abidjan, sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló lò níbẹ̀. Mo pè é ní gbogbo ọdún Iléyá, kò gbé e. Ogun parí, Ràmátù ní ọ́fíìsì onígíláàsì báyìí, níbi tó ti ń kọ́ àwọn oníṣòwò kéékèèké bí wọ́n ṣe lè máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ pé ó mọ̀ ọ́n kọ́ni. Ìgbà tí àbúrò mi kú ni Ràmátù tó wá sí Bouaké. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó wọlé tọ̀ mí wá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn mi. Ó ní oníbàárà kan lòun fẹ́ fi iṣẹ́ wa hàn nígbà náà, kó lè rí bí a ṣe wà létòlétò, ìdí nìyẹn tóun fi ṣí ojú ewé náà sílẹ̀. Àṣé láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú bàbá rẹ̀ ló ti mọ̀.

Mo ti rò ó títí. Iṣẹ́ tí gbogbo wa ti ń rí iṣẹ́ ara wa ni, síbẹ̀ ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò rí ni ọwọ́ tó ṣílẹ̀kùn. Ohun tí mo pàdánù kì í ṣe ẹ̀rọ omi tàbí ọkọ̀ búlúù. Àbúrò tí mo pọ̀n dàgbà ló kú láì bá mi sọ̀rọ̀, nítorí irọ́ tí ẹni tó pa á mọ̀ pé irọ́ ni. Mo béèrè lọ́wọ́ Ràmátù pé kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ló gbé e lé lórí. Ó gbé ojú sókè sí mi, kò sì sunkún.

"Bàbá mi nìkan ni mo ní, Tàǹtí. Ẹ̀yin ti dàgbà tán nígbà yẹn. Mo rò pé kò ní pẹ́ tí ẹ máa fi kú, kí ọ̀rọ̀ náà sì bá yín lọ."